Oṣù Wo Ló Dára Jù Láti Lọ sí Etíkun Benin?

Gbogbo èèyàn ló ń pariwo oṣù kìíní bí ọ̀rọ̀ etíkun orílẹ̀-èdè Benin bá ti dé. Ó yé mi. Ọjọ́ 10 oṣù náà ni ọdún ẹ̀sìn Fódù, ìlú Ouidah a kún fọ́fọ́, ìlù lọ́tùn-ún, ìlù lósì, eégún Zangbeto ń pòòyì láàárín èrò. Bó bá jẹ́ ọdún lẹ ń bá lọ, ẹ yáa tètè gba yàrá.

Àmọ́ bó bá jẹ́ òkun gan-an lẹ fẹ́ fi ojú jẹ, ọyẹ́ lè ti da eruku bo ojú ọ̀run nígbà yẹn, kí gbogbo fọ́tò yín dà bí èyí tí wọ́n yà nínú èéfín.

Ìparí oṣù kọkànlá ni tèmi. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ò sì tíì gbòde. Grand-Popo ni kí ẹ forí lé, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Àkókò yẹn náà ni ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn lóru. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú!)

Oṣù kẹfà ńkọ́? Òjò ni, ẹ jókòó sílé. Oṣù kẹjọ sàn díẹ̀, torí òjò máa ń dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ìkùukùu pọ̀, omi òkun sì máa ń tutù. Ti lílúwẹ̀ẹ́, kò sí oṣù tí mo lè fọwọ́ sí. Ìgbì ibẹ̀ le, ó ń wọ́ èèyàn lọ. Ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà ni kí ẹ wọ̀, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.