Ohun Tí Ọmọdé Rí Lára Òkúta

Iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mò ń ṣe ti mú mi ka oríṣiríṣi ìtàn, ṣùgbọ́n ìtàn Tina Negus kò kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́dún 1956, ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó rí àmì kan lára àpáta ní igbó Charnwood, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dà bí ewé tí wọ́n tẹ̀ mọ́ amọ̀. Ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun rí àpẹẹrẹ ohun abẹ̀mí lára òkúta. Olùkọ́ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé òkúta ibẹ̀ ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́dún 1957, Roger Mason, tí òun náà jẹ́ ọmọ iléèwé, ń gun àpáta níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rí ohun kan náà. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá yìí mọ Trevor Ford, olùkọ́ ní Yunifásítì Leicester, Ford sì lọ wò ó. Lọ́dún 1958 ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Charnia masoni, ó fi orúkọ Mason kún un.

Kí ni wọ́n rí gan-an? Ohun abẹ̀mí tó gbé ìsàlẹ̀ òkun ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 560 ọdún sẹ́yìn, ṣáájú àsìkò Cambrian tí àwọn ẹranko oníkarahun wá wọ́pọ̀. Kò ní egungun, kò ní ìkarahun. Ó jọ ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn kì í dé ibi jíjìn tó ń gbé, ewé kì í sì í yè láìsí oòrùn. Ara rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́. Ojú ibi tó sùn sí ló kù lára òkúta.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí aráyé tó mọ̀ pé Tina ló kọ́kọ́ rí i.

A máa ń wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, “Panu mọ́!” ni ọmọ máa ń gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ojú Tina àti ti Roger ríran bákan náà. Roger ló rí àgbà tó gbọ́ tirẹ̀. Ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́fà kì í yé kó òkúta wálé. Bó bá ti ní, “Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan,” mo máa ń dìde. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ti lọ wò ó.