Mẹ́ta La Lọ sí Sẹ̀mẹ̀

Àwọn kan ti ń bèèrè ibi tí a lọ nígbà ìsinmi. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mẹ́ta ni wá, ọmọ Ìgbògbò ni wá, Yorùbá sì ni gbogbo wa ń kà ní ifásitì. Ìyá tó bí ìyá ẹnì kẹta wa ń gbé ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Láti ìgbà tí ìjọba ti bọ́dà ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n ìdánwò ò jẹ́, owó ọkọ̀ ò jẹ́. A wá ní ká bá a lọ, ká sì gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ wa lórí ẹ̀ka-èdè.

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé. Ẹja gbígbẹ tí ẹnì kẹta wa rà ní Báyékù wà lórí itan rẹ̀, ó dì í mú bí ẹyin. Ìkòròdú, Máìlì 12, Kétu. Bí kọ̀ndọ́ ṣe pariwo pé “Kétu wà ńbẹ̀ o!”, a bú sẹ́rìn-ín, torí Kétu mìíràn wà ní ilẹ̀ Benin, níbi tí Alákétu ti ń jọba. Láti Máìlì 2, danfo gbé wa gba Àgbádárìgì lọ. Ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró pọ̀ débi pé a ò kà á mọ́.

Ní Sẹ̀mẹ̀, òṣìṣẹ́ kan yẹ pásípọ́ọ̀tù wa wò. Ti àwa méjì kò ní wàhálà. Ó ṣí ti ẹnì kẹta, ó gbójú sókè.

“Èyí ti kọjá ọjọ́.”

Oṣù mẹ́rin ló fi kọjá. Ẹnì kẹta wa mú káàdì ilé-ìwé jáde. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ECOWAS, pé àdéhùn ọdún 1979 ní ká máa wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

“Físà ni wọ́n ní ẹ má gbà. Wọn ò ní kẹ́ ẹ má mú ìwé dání.”

Òótọ́ ló sọ.

Bí a ṣe yí padà ni ọlọ́kadà kan sún mọ́ wa, ó ní òun mọ ọ̀nà inú igbó, ká ṣáà mówó wá. A wo ara wa. Ẹnì kẹta wa ló kọ́kọ́ mirí. Ó ní, “Ẹ máa lọ. Ẹ bá mi gbé ẹja yìí fún Màmá.” Ó wọ ọkọ̀ padà sílé. Nínú takisí tó gbé wa lọ sí Àjàṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ìyá àgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí wa, wọ́n gba ẹja, wọ́n ń wo ẹ̀yìn wa.

“Ọmọ mi dà?”

Ẹ̀ka-èdè tí a wá gbà sílẹ̀, a ò rántí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà yé wa ketekete. A pe ẹnì kẹta lórí WhatsApp, ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a rí ìwé ìkéde kan lára ògiri. “Kpɛ̀lú” ni wọ́n kọ síbi tí àwa ń kọ “pẹ̀lú”. Bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá lọ́hùn-ún nìyẹn. A kà á sókè, ohùn kan náà ló jáde. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló tọwọ́ bọ̀wé ààlà yìí ní ọdún 1889, wọn ò bi ẹni tó ń sọ èdè náà léèrè.

Nínú kíláàsì, a fẹ́ràn láti máa sọ pé Yorùbá kò ní bọ́dà. A ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sẹ̀mẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè èdè tí à ń sọ. Ìwé ni wọ́n bèèrè.

Ẹnì kẹta wa ti lọ ṣe pásípọ́ọ̀tù tuntun. Ìyá àgbà ní àwọn ò ní jẹ ẹja náà tán, àwọn fi ọ̀kan pamọ́ dè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ọjọ́ tó wà lórí tiyín.