Wúrà Tí Wọ́n Yọ́, Idà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní Amẹ́ríkà fi ojúlówó wúrà ṣe ẹ̀bùn fún àwọn tó bá yanjú géèmù wọn, mo rò pé àsọdùn ni. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé bí èèyàn bá borí nínú géèmù, iná aláràbarà á tàn lójú ẹ̀rọ, orin á dún díẹ̀, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Lọ́dún 1982, Atari gbé ọ̀wọ́ géèmù kan jáde tí wọ́n pè ní Swordquest, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe ìṣúra márùn-ún sílẹ̀ de àwọn tó bá borí. Franklin Mint, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe owó ẹyọ àti ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Iye tí wọ́n dá lé gbogbo rẹ̀ jẹ́ 150,000 dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí n ka ìṣúra náà fún yín. Àkọ́kọ́ ni ońdè kan, wúrà ribiti tí wọ́n to dáyámọ́ǹdì méjìlá àti àwọn òkúta iyebíye mìíràn sí lára, tí idà kékeré kan tí wọ́n fi wúrà funfun ṣe sì wà láàárín rẹ̀. Èkejì jẹ́ ife wúrà. Ẹ̀kẹta jẹ́ adé wúrà. Ẹ̀kẹrin jẹ́ òkúta funfun kan nínú àpótí wúrà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rin yìí tó 25,000 dọ́là. Ìkarùn-ún ni olórí gbogbo wọn: idà kan tí irin rẹ̀ jẹ́ fàdákà, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ wúrà. Òun nìkan jẹ́ 50,000 dọ́là.

Géèmù mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe: ti ilẹ̀, EarthWorld, ti iná, FireWorld, ti omi, WaterWorld, ti afẹ́fẹ́, AirWorld. Ẹni tó bá borí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ìṣúra kan. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ figa gbága nítorí idà.

Bí wọ́n ṣe tò ó dùn mọ́ mi gan-an. Ìwé aláwòrán kan tí DC Comics ṣe wà nínú páálí géèmù náà. Bó o bá ń ta á, wàá máa ti inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn, wàá máa kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí ẹrù tó tọ́ bá bọ́ sí yàrá tó tọ́, nọ́ńbà méjì á yọ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀kan ń tọ́ka sí ojú ìwé, èkejì ń tọ́ka sí àwòrán kan lójú ìwé náà. Bó o bá wo àwòrán yẹn dáadáa, wàá rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Nínú EarthWorld, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lèèyàn lè rí, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ló wúlò. Báwo lèèyàn á ṣe mọ̀ wọ́n? Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ méjì ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sínú ìwé náà: prime àti number. Ọ̀rọ̀ tó bá wà lójú ìwé 2, 3, 5, 7 àti irú wọn bẹ́ẹ̀ nìkan ni kó o mú. Ẹni tó máa ń sá fún kíláàsì ìṣirò á kàn máa rìn kiri inú géèmù yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni.

Ẹni mẹ́jọ péré ló rí gbogbo ọ̀rọ̀ márààrún tó sì tò wọ́n bó ṣe yẹ. Atari kó àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ sí California ní oṣù Karùn-ún ọdún 1983, wọ́n fún wọn ní géèmù àkànṣe kan láti fi ṣe àṣekágbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Detroit ló gba ońdè náà. Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fún wọn. Kò tó wákàtí kan tó fi parí tiẹ̀.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe lẹ́yìn náà ló mú mi kọ àròkọ yìí. Wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀ pé ó yọ idà kékeré àárín yẹn sílẹ̀, ó tọ́jú ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n yọ́ ìyókù. Ó fi nínú owó rẹ̀ san owó iléèwé.

Mo sọ ìtàn yìí fún Kúnlé tí a jọ ń gbé yàrá kan, ó pariwo. Ó ní, "Ó yọ́ kí ni? Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láyé!" Ó ní ká ní ó fi sílẹ̀ ni, lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé á ti máa du ú, àwọn tó ń gba ohun àtijọ́ jọ á máa fi owó gun ara wọn lórí. Kúnlé kọ́ nìkan ló rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn géèmù àtijọ́ ló máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú ọ̀fọ̀. Mo yé wọn. Ohun tó bá ti yọ́ kò ní padà rí bó ṣe rí mọ́, ó sì ń dunni.

Ṣùgbọ́n èmi ò lè bá wọn sunkún, nítorí mo ti dúró níwájú alágbẹ̀dẹ wúrà rí.

Ọdún tí mo wọlé síbí ni. Orúkọ ti jáde, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti owó àkọ́san sì ti sún mọ́lé, owó ò tíì pé. Mọ́mì mi ní ẹ̀gbà ọrùn kan àti yẹtí rẹ̀ tí Ìyá àgbà rà ní Mẹ́kà lọ́dún tí wọ́n lọ sí Hájì. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ìgbéyàwó ńlá tàbí ọjọ́ iléyá la máa ń rí i lọ́rùn wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n wọ bàtà, a lọ sí Dùgbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà náà gbé ẹ̀gbà lé òṣùwọ̀n, ó tẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀rọ ìṣirò, ó dárúkọ iye kan. Mo rí i pé òṣùwọ̀n ò mọ Ìyá àgbà, kò mọ Mẹ́kà, kò mọ iye ọdún tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀gbà yẹn sínú aṣọ funfun. Bó ṣe wúwo tó nìkan ló mọ̀. Ọkùnrin náà ṣàánú wa, ó ní, "Màmá, ṣé kí n bá yín gbé e pamọ́ fún oṣù mélòó kan, bóyá ẹ máa padà wá rà á?" Mọ́mì ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ yọ́ ọ. Ìwé la fẹ́ fi rọ." Wọ́n kó yẹtí padà sínú àpò. Yẹtí yẹn ṣì wà títí dòní.

Nítorí náà, nígbà tí mo kà pé ọmọ Detroit náà yọ idà kékeré sílẹ̀ kó tó yọ́ ìyókù, ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá rò pé kò mọ iyì ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó wo idà kékeré yẹn. Bóyá owó rẹ̀ ì bá ti di ìlọ́po mẹ́wàá lónìí bí Kúnlé ṣe wí. Ṣùgbọ́n owó iléèwé ọdún yẹn kò ní dúró de ogójì ọdún. Ọmọ laṣọ, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní ká máa fi aṣọ pamọ́ kí ọmọ máa rìn níhòòhò.

Bí a bá ń wá ìṣúra tó ṣòfò nínú ìtàn Swordquest, ońdè yẹn kọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìyókù.

Ìdíje kejì wáyé ní oṣù Kìíní ọdún 1984. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni 73 ló rí ìdáhùn, wọ́n pọ̀ jù. Atari ní kí oníkálukú kọ ohun tó fẹ́ràn nínú géèmù náà, wọ́n sì ṣa 50 nínú wọn. Ẹni tó gba ife wúrà tọ́jú tiẹ̀ sí àpótí alágàdàgodo ní báńkì. Èmi ò bá òun náà wí. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá wù ú, á lọ mú un.

Ṣùgbọ́n ilé Atari ti ń jó lọ́wọ́. Lọ́dún 1983, ọjà géèmù wó lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ náà pàdánù ju 500 mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn géèmù tí kò tà lọ sí Alamogordo ní New Mexico, wọ́n sì sin wọ́n sí ààtàn. (Lọ́dún 2014 làwọn kan tún padà lọ hú wọn jáde.) Ní oṣù Keje ọdún 1984, Warner tó ni Atari ta ẹ̀ka tó ń ṣe géèmù ilé fún Jack Tramiel. Bí ọ̀rọ̀ ìṣúra ṣe parí nìyẹn. AirWorld kò jáde, ìdíje ti idà kò sì wáyé. Bí ọwọ́ ọmọdé ò bá tó èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Ti eléyìí, ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ta géèmù náà ò tó èèkù idà. Ìdá mẹ́ta gbogbo ìṣúra yẹn, idà yìí nìkan ló kó ọ̀kan. Kò sanwó iléèwé fún ẹnì kankan nínú wọn.

Kì í ṣe Atari nìkan ló ṣe irú ìdíje yìí. Lọ́dún 1982 kan náà, Automata ní ìlú Òyìnbó gbé Pimania jáde, wọ́n sì fi aago oòrùn oníwúrà tó tó 6,000 pọ́n-ùn ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ mọ ibi tó yẹ kó dúró sí àti ọjọ́ tó yẹ kó dúró síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta kọjá kó tó di pé àwọn obìnrin méjì rí i: ibi tí wọ́n ya ẹṣin funfun ńlá kan sí lára òkè nítòsí Litlington ní Sussex, ní ọjọ́ 22 oṣù Keje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì ìṣirò, ẹ ti rí i: 22 lórí 7. Wọ́n débẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́dún 1985, wọ́n bá ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀bùn fún wọn, wọ́n sì gbà á.

Hareraiser ti ọdún 1984 kò rí bẹ́ẹ̀. Ehoro oníwúrà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn rẹ̀. Wọ́n pín géèmù náà sí méjì kí èèyàn lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Koríko, igi àti ehoro tó ń sáré lẹ rí nínú rẹ̀. Ẹnì kankan ò rí ìdáhùn kankan níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, wọ́n sì ta ehoro náà ní gbàǹjo ní Sotheby's lọ́dún 1988 ní 31,900 pọ́n-ùn.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó àtijọ́ nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan wá sí ọgbà wa níbí, wọ́n ní ẹni tó bá borí nínú ìdíje géèmù bọ́ọ̀lù á gba láptọ́ọ̀pù. Kúnlé borí. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti di páálí gàgàrà kan mú, tí wọ́n kọ LÁPTỌ́Ọ̀PÙ sí gàdàgbà. Wọ́n fún un ní tíṣáàtì, wọ́n ní wọ́n á pè é. Páálí yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa di báyìí. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, òun la fi ń dí ojú fèrèsé.

Ẹni tó bá ní òun máa dá ẹni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lára gbogbo wọn kò ju èyí lọ. Kí o tó fi oṣù mẹ́ta ṣeré nítorí ẹ̀bùn, bèèrè ibi tí ẹ̀bùn náà wà, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bí ilé-iṣẹ́ náà bá yí ọwọ́ padà. Bó bá sì wá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, tìrẹ ni. Fi sí báńkì, yọ́ ọ, fi ṣe ohun tó kàn ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá ọ wí.

Lọ́dún 2022, Atari gbé àkójọ kan jáde láti fi ṣàyẹyẹ àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. AirWorld wà nínú rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀ ni. Ẹ lè ta á lónìí. Kúnlé ti ń wá ẹ̀dà rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kò sí idà níbẹ̀, ó ní òun mọ̀.