Ọkọ̀ Kékeré Bàbá Ìbejì àti Ìdánwò Ọdọọdún

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin arábìnrin mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi pé n óò jókòó lọ́jọ́ kan láti kọ̀wé nípa abẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rín ni ǹ bá fi í rín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń jẹ owó ilé, tí ó sì ń gbé ọmọ ẹni jáde tí ó ń gbé e wọlé, ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé ni.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ń gbé. Bọ́ọ̀sì ńlá alájà méjì ni baálé mi ń wà, òru ni iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ sí. Nígbà tí ó wà ní kékeré ní Ìbàdàn, ó máa ń rí olùkọ́ Yunifásítì kan tí ń wa ọkọ̀ MG kékeré tí a ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, ìran náà kò sì kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2011 ni ó ra tirẹ̀. Kì í ṣe MG o. Mazda MX-5 ni, èyí tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1989 ní àwòkọ àwọn ọkọ̀ eré ìje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: imú gígùn, òrùlé aṣọ, ìjókòó méjì péré. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe tiwa. Ìjókòó méjì, ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú ilé tí Olúwa fi ìbejì ta lọ́rẹ! Bí Táíwò bá bá bàbá rẹ̀ jáde lónìí, ti Kẹ́hìndé di ọ̀la. Èmi a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tí ó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. MOT ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1960 ni ó sì ti wà. Owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá pọ́n-ùn 54 àti pẹ́nì 85. Wọn a yẹ bíréèkì wò, wọn a yẹ iná, táyà, bẹ́líìtì ìjókòó, fèrè, èéfín, àti irin tí ó gbé ara ọkọ̀ ró. Wọn kì í tú inú ẹ́ńjìnnì wò.

Oṣù Kẹsàn-án ni tiwa máa ń bọ́ sí. Bí baálé mi bá ti ń fi fèrè dárin bọ̀ láti ìta, mo ti mọ̀. “Ìyá Ìbejì, ó tún yege!” Èmi náà a sì yọ̀, nítorí pé owó tí ọkọ̀ kò jẹ, ọmọ ni yóò jẹ ẹ́. Láti ọdún 2011 títí di 2024, ìgbà mẹ́rìnlá ni ó ṣe ìdánwò yìí, ìgbà mẹ́ta péré ni ó sì fìdí rẹmi. Ní 2013, gílóòbù kékeré tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sí nọ́ńbà ẹ̀yìn ni ó kú. Ẹ wo irú nǹkan tí ènìyàn ì bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún wò kí ó tó kúrò nílé! Ní 2016, bíréèkì ọwọ́ kò di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú dáadáa mọ́, àrùn tí a mọ̀ mọ́ irú ọkọ̀ náà. Ìgbà kẹta ni ó mú mi kọ ìwé yìí.

Ní ọjọ́ náà ní 2021, baálé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, nítorí náà mo bá a lọ kí oorun má baà gbé e lọ lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń yẹ̀ ẹ́ wò mú irin kékeré kan, ó ń fi kan irin gígùn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn: kó, kó, kó. Nígbà tí ó dé ọ̀nà ẹ̀yìn, ohùn náà yí padà, ó di bí ẹni ń kan páálí. Ó rọra tì í, irin náà sì wọlé. Ìpáàrà pupa dà sílẹ̀ bí gàrí tí a fi epo sí. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó ti so mọ́ ara ọkọ̀. Èmi kò lè sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú, Kẹ́hìndé ni ó jókòó síbẹ̀, lórí títì ńlá tí ọkọ̀ ti ń sáré bí ọta ìbọn.

Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ọdún kan péré ni irin fi ń jẹrà báyìí?” Kò dá mi lóhùn.

Ní alẹ́, Kẹ́hìndé bá mi tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, nítorí ìjọba ń fi àbájáde gbogbo àyẹ̀wò hàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí i. A rí 2018: ó yege. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ìmọ̀ràn sí pé ìpáàrà ti ń mú irin abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Bákan náà ni 2019. Bákan náà ni 2020. Ọmọ náà wò mí, ó ní, “Màmá, Dádì mọ̀.”

Ó mọ̀ lóòótọ́. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ń ka òkè ìwé fún mi, tí ó sì ń ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú àpò. Èmi kì í pariwo lórí ọ̀rọ̀ ilé, ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà mo pariwo. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Lẹ́yìn náà ni ó wí fún mi pé ẹ̀rù ni ó ba òun, pé òun mọ̀ pé èmi yóò ní kí òun tà á, àti pé nínú gbogbo ohun tí òun ń wà láti alẹ́ dé òwúrọ̀, òun nìkan ni ó jẹ́ tòun. Ẹ̀yin arábìnrin mi, inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò ó di òwúrọ̀. A kò tà á. Ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn ó lé 150 ni a san fún àwọn tí ń jó irin kí wọ́n tó gé èyí tí ó jẹrà kúrò, tí wọ́n sì fi tuntun dí i. Inú owó tí mo fi pamọ́ láti fi lọ kí ìyá mi nílé ni ó ti jáde.

Bàbá Olóyìnbó, aládùúgbò wa, ni ó fi ohun tí ó fa ìjàm̀bá náà hàn mí. MG tòótọ́ ni tirẹ̀, wọ́n ṣe é ní 1974. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, òfin kò béèrè àyẹ̀wò lọ́wọ́ irú ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogójì ọdún mọ́, bí a kò bá ti tún un ṣe kọjá ààlà, síbẹ̀ ọdọọdún ni bàbá náà ń gbé e lọ. Ó tẹ ìjókòó wa síwájú, ó sì fi ihò kékeré méjì hàn mí ní igun ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ibẹ̀ ni omi òjò tí ó bá ṣàn láti orí òrùlé aṣọ ń gbà jáde sílẹ̀. Bí ewé bá dí i, omi náà a wọ inú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, a sì máa jẹ ẹ́ láti inú, nígbà tí ọ̀dà òde ṣì ń dán. Ó ya mí lẹ́nu gidigidi. Èmi tí n kì í jẹ́ kí ihò ibi ìfọwọ́ ilé ìdáná mi dí fún ọjọ́ kan!

Láti ìgbà náà, ihò méjèèjì ti di tèmi. Bí ewé igi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, mo máa ń fi ọwọ́ yọ ìdọ̀tí kúrò, n óò ki ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀ bọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, n óò sì da ife omi kan sí i, n óò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá omi náà jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdánwò, àwọn ọmọ a dúró lẹ́yìn ọkọ̀, bàbá wọn a máa tẹ iná lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì máa ké, “Ó tàn! Ó tàn!”

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó wọlé, kò fi fèrè dárin. Ó fi ìgò ojú sójú, ó ka ìwé náà fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yege. Ìmọ̀ràn kan ni wọ́n kọ sí i, pé táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti ń gbó, ó sì kù díẹ̀ kí ó dé mìlímítà 1.6 tí òfin fi lélẹ̀. Mo ní kí ó tún ìsàlẹ̀ kà. Ó tún un kà, ó sì mú ìwé náà fún mi kí n fi í pamọ́ sínú àpótí mi.