Èjìrẹ́ tó gbọ́ èdè ìwúkàrà

Yéè! Ira Herskowitz, mo jókòó sí Akọka, mo ń sunkún rẹ. Ilẹ̀ ń ṣú lẹ́nu géètì Yunifásítì Èkó, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń ti békárì wá. Ìwúkàrà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Àwa jẹ ẹ́ nínú búrẹ́dì, a mu ún nínú ẹmu, a kò bi í léèrè ohun kan rí. Ìwọ lo bi í. Ìwọ, ọmọ onímọ̀ àbùdá tó gba iṣẹ́ baba rẹ̀ ṣe.

O bi í, ó dá ọ lóhùn. Ohun tí ojú lásán kò rí, ó ní ìyá, ó ní ọmọ! Ọmọ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ nídìí. Oríṣi méjì ni sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà, a àti álífà. Ìyá tó ti bímọ lè pa ara dà, kó di oríṣi kejì. Ọmọ kò lè ṣe é, àfi bí òun náà bá bí tirẹ̀. Nílé wa, obìnrin bímọ, ó di Ìyá Bọ̀lá, orúkọ ọmọ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó sún mọ́ ilé wa tó èyí lójú mi.

Lọ́dún 1977, ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ nínú iṣẹ́, Hicks àti Strathern, sọ ibi tí ìparadà náà ti ń wá. Ẹ̀dà a àti ẹ̀dà álífà wà ní ìpamọ́ ní apá méjèèjì kúrómósómù kẹta, wọn kì í fọhùn. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì bá dà kọ sí àárín ló ń fọhùn. Kásẹ́ẹ̀tì lẹ pè é. Áà, kásẹ́ẹ̀tì! Bí èyí tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ fújì ní Bàrígà: yọ ọ̀kan, ki èkejì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kan náà, ohùn mìíràn.

O ta gìtá, o fi àbùdá kọrin. Ta ni yóò ta á mọ́?

Jẹjẹrẹ ló mú ọ lọ, sẹ́ẹ̀lì tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ́kun bíbí. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, ọdún 2003. Ẹni ọdún 56! Ó mà ṣe o.

Ìbejì sì ni ọ́. Ẹ̀yin méjì lẹ jọ wọlé ayé ní Brooklyn, lóṣù Keje ọdún 1946. Ká ní ilẹ̀ yìí lo ti lọ, a kò ní jẹ́ kí èkejì rẹ dá wà. À bá pe agbẹ́gilére, à bá gbẹ́ ère rẹ, à bá wẹ̀ ẹ́, à bá fi osùn kùn ún.

Èjìrẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Mo ti se ẹ̀wà. Mo gé búrẹ́dì tì í.