Ìṣirò Orí Kí Ìwé Tó Jáde: Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O kú oríire kíláàsì kẹta tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. O ní o fẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa fi orí ṣe ìṣirò, kí wọ́n sì máa sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n o ò mọ ibi tí wàá ti mú un. Má jẹ́ kó pọ̀ lójú rẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ìwé àti pẹ́ńsùlù tó jáde.

Má tíì kọ nọ́ńbà kankan. Fi máákà ya àmì róbótó méje sórí káádíbọ́ọ̀dù, mẹ́rin lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Gbé e sókè, ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ, kí o sì gbé e pamọ́. Wá bi wọ́n pé: Mélòó lẹ rí? Báwo lẹ ṣe rí i? Inú ìbéèrè kejì yẹn niṣẹ́ wà. Ọ̀kan á ní mẹ́rin àti mẹ́ta lòun rí; òmíràn á ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, ẹyọ kan ṣẹ́kù. Ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì náà á rí nǹkan sọ.

Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, kọ 63 − 59 sójú pátákó. Má jẹ́ kí wọ́n nawọ́ o. Tí àwọn tó yára bá ti ń pariwo "Tíṣà, èmi! Tíṣà, èmi!", àwọn yòókù á ti pa ìrònú tì. Ẹni tó bá rí ìdáhùn, kó gbé àtàǹpàkò sáyà. Tó bá rí ọ̀nà mìíràn, kó na ìka kan kún un. Gba gbogbo ìdáhùn, kọ wọ́n sílẹ̀, má sì jẹ́ kí ojú rẹ tú àṣírí èyí tó tọ̀nà. (Ibẹ̀ ló le jù fún àwa tíṣà. Ẹnu a máa yún wa.)

Ẹnìkan á lọ yá mẹ́wàá lọ́dọ̀ 6 bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹlòmíràn á ní láti 59 dé 60 jẹ́ 1, láti 60 dé 63 jẹ́ 3, ó di 4. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, má bá a tún un ṣe. Ẹni tó ní 16 ńkọ́? Ó ti yọ 3 kúrò nínú 9 ni, nítorí 9 ló tóbi. Jẹ́ kó ṣàlàyé. Ó ṣeé ṣe kó fẹnu ara rẹ̀ tú u kó tó parí.

Àwọn tó ń bá ìyá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ló sábà máa ń kà á gòkè láti 59. Bí wọ́n ṣe ń ka ṣéńjì nìyẹn. Ní 1985, Terezinha Nunes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ márùn-ún tó ń tajà ní Recife, ní Bùràsílì. Nídìí ọjà wọn, bí 98 nínú ìṣirò 100 ni wọ́n gbà; nígbà tí wọ́n kọ irú rẹ̀ fún wọn bíi ti ilé-ìwé, ó já sí bíi 37. Wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn ní iye àgbọn mẹ́wàá, ẹyọ kan ní 35. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, ó fi mẹ́ta kún un, 210, ó tún fi mẹ́ta kún un, 315, ó wá dé 350. Kò rántí fi òdo sẹ́yìn 35. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì rẹ, Àṣàkẹ́.

Jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé tó bá wù wọ́n. Láti 1970 ni Bàbá Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́ nì, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè náà gan-an ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Wo 18 × 5: ogún lọ́nà márùn-ún jẹ́ 100, yọ méjì lọ́nà márùn-ún, ó ku 90. Ọmọ tó mọ méjìdínlógún dáadáa ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ á fẹ́ mọ ìdí tí kò fi sí nǹkan kan nínú ìwé àwọn ọmọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má bá a jiyàn. Gbé àga kan fún un sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí òun náà gbé àtàǹpàkò sáyà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ.