Kí Ẹ Tó Kun Ògiri Yẹn

Ìsarà Rẹ́mọ,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí fọ́tò ògiri yàrá yín ní Houston, ibi tó pọ́n bí ẹni da tíì sí i lára. O ní ọkọ rẹ fẹ́ ra ọ̀dà kun ún lọ́jọ́ Sátidé. Jọ̀ọ́, bá mi dá a dúró ná.

Ṣé mo ti sọ fún ẹ pé mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fi screeding àti POP rẹ́ ògiri láti Ìsarà níbí títí dé Ṣàgámù? Ilé bàbá wa ló fà á. O rántí ilé náà, ilé alámọ̀ tó ti wà kí Ọba Samuel Akínsànyà tó gorí oyè ní Ìsarà lọ́dún 1941. Àwọn tó tún un ṣe nígbà kan fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ tinú tòde. Ó dán, ó sì wuni. Ṣùgbọ́n amọ̀ a máa fa omi mu, a sì máa tú u jáde, sìmẹ́ǹtì kò sì fún un láyè. Omi há sáàárín, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, aláǹgbá sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣelé.

Ọ̀gá mi kò tíì fún mi ní tírówèlì tó fi ní kí n máa fi ìka kan ògiri, kí n máa tẹ́tí sí i. Ibi tó bá ti dún gbofo, ó ti ṣí nìyẹn, ká gbá a dànù ló kù. Ó tún máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí iná rẹ̀ máa gba ojú ògiri lọ. Gbogbo gegele àti kòtò tí ojú ọ̀sán bò mọ́lẹ̀ á yọ síta kedere.

Bí a bá fẹ́ po POP, omi la ń kọ́kọ́ bù sínú abọ́, ká wá máa wọ́n ìyẹ̀fun náà sí i díẹ̀díẹ̀, kó mumi tán ká tó rò ó. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni, ó ti le. Abọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, nítorí èyí tó ti gbẹ mọ́ ọn lára á mú kí tuntun yára le, á dì mọ́ ẹ lọ́wọ́ kí o tó dé ìdí ògiri. Ní ti screeding, ṣe la ń po POP, sìmẹ́ǹtì funfun, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà díẹ̀ pọ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la ń rẹ́ ẹ. Ti àkọ́kọ́ á gbẹ kí èkejì tó gùn ún, sáńpépà ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá rọ́ ọ jọ lẹ́ẹ̀kan náà, tirẹ̀ máa sán.

Ìyẹ̀fun POP kan náà ló wà nínú drywall tiyín, ìwé ni wọ́n fi wé e níwájú àti lẹ́yìn. Bí omi bá kàn án, á rọ̀, ìwé náà á sì bu. Lẹ́yìn ìjì Harvey lọ́dún 2017, ọ̀pọ̀ ará Houston ló gé drywall wọn dànù láti ilẹ̀ lọ sókè, kí igi ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbẹ kí wọ́n tó kan tuntun. Ẹ ò ní láti ṣe tó yẹn. Bí ibẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ gé e ní igun mẹ́rin, ẹ kan igi sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi tuntun dí i, ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ìpàdé, kí ẹ tó rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ti ìkẹyìn fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Ilé bàbá wa, amọ̀ àti koríko gbígbẹ la fi ń dí i báyìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ní àfi ká lẹ táìsì mọ́ ọn. Mi ò gbà fún wọn, mi ò sì ní gbà, nítorí omi ìdí ilé náà ò tíì lọ.

Nítorí náà, bá mi bẹ ọkọ rẹ: kó pe ẹni tó ń ṣe páìpù wá kó tó ra ọ̀dà, kó sì gun òrùlé wò, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí omi ti ń wọlé. Tí ẹ bá ti ṣí ògiri náà, ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kíákíá.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.